Ọwọ́ Tí Raliat Fi Ta Jìtá

Pá!

Ìró yìí ni nǹkan àkọ́kọ́ tí Raliat rántí nínú ayé rẹ̀. Kì í ṣe ohùn ìyá rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe fèrè ọkọ̀ ojú irin tó máa ń dún láràárọ̀ níhà tèṣọ̀n Òṣogbo. Pá ni, lẹ́yìn ọwọ́ òsì rẹ̀, létí àwo oúnjẹ. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni. Bí ọwọ́ òsì rẹ̀ bá ti ń lọ síbi oúnjẹ, ọwọ́ ìyá àgbà á ti dúró dè é níbẹ̀. Ìyá náà kì í bínú, kì í pariwo. Á kàn gbá a, pá, á sì máa bá ọ̀rọ̀ tó ń bá àwọn ará ilé sọ lọ, bí ẹni tó lé eṣinṣin kúrò lójú ọbẹ̀.

Àpìkẹ́ lorúkọ ìyá àgbà yìí. Òun ló bí bàbá Raliat. Àwọn òbí Raliat ń ta aṣọ ní Jọ́ọ̀sì, ọ̀dọ̀ Àpìkẹ́ nílé ni wọ́n fi ọmọ sí. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e dé ni ìyá àgbà ti rí i pé ọwọ́ òsì lọmọ yìí ń lò, àyà rẹ̀ sì já. Kì í ṣe ìkà. Ohun tó ń rò ni pé ọmọbìnrin tó bá ń fi ọwọ́ òsì gbé omi fún àna, wọn ò ní gba omi náà, wọn ò sì ní bá ọmọ wí, ẹni tó tọ́ ọ ni wọn yóò máa bèèrè. Nítorí náà ó gbá ọwọ́ yẹn nídìí oúnjẹ, ó gbá a nídìí ìkíni, ó tilẹ̀ fi àkísà dè é mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọmọ fún odidi ọ̀sẹ̀ kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Nígbà tí Raliat fi máa pé ọmọ ọdún mẹ́jọ, ọ̀tún ló fi ń jẹun, ọ̀tún ló fi ń gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, ọ̀tún ló fi ń kọ wàláà nílé kéú. Gbogbo agbo ilé bá Àpìkẹ́ yọ̀ pé ó ti ṣẹ́gun.

Wọn ò mọ̀ pé ọwọ́ òsì náà ò kú. Ó sá pamọ́ ni. Tí Raliat bá dá wà, tó ń ṣa ẹ̀wà tàbí tó ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́, ọwọ́ òsì á yọ́ jáde, á ṣe iṣẹ́ náà kíá, á ṣe é dáadáa. Tí ẹsẹ̀ èèyàn bá sì dún, á tún padà sábẹ́ ìró. Nígbà tó kọ́ iṣẹ́ ìránṣọ tán, tó gba fírídọ̀mù, òun àti Lucy jọ gba ṣọ́ọ̀bù kan sí Alẹ́kùwodò. Ọmọ Iléṣà ni Lucy, ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan náà ni wọ́n ti jọ kọ́ṣẹ́. Ó ń pe ilé ní ulé, ó ń pe iṣu ní uṣu, Raliat a sì máa sín in jẹ títí wọn yóò fi máa ju èérún aṣọ lu ara wọn. Ẹ̀yìn kọ́tìnì ni Raliat ti ń gé aṣọ oníbàárà. Ọwọ́ òsì ló fi ń gé e. Lucy nìkan ló mọ̀.

Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1970 ni Àkànó dé láti Kùmásì. Ìjọba Gáná ti ní kí àwọn àjòjì tí kò ní ìwé kó ẹrù wọn kúrò lórílẹ̀-èdè náà, ọ̀pọ̀ ará Òṣogbo ló sì ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ nígbà náà pẹ̀lú ẹrù tí kò tó ẹrù. Àkànó ni àbíkẹ́yìn Àpìkẹ́, àbúrò bàbá Raliat, ọkùnrin tó ti lé ní ogójì ọdún. Àpótí kan ló gbé dé, àti jìtá kan tó fi aṣọ ìbora wé bí ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ.

Lọ́jọ́ kẹta tó dé, ó jókòó ní ẹ̀yìnkùlé, ó tú aṣọ ìbora náà, ó ń yí àwọn ohun tí wọ́n fi ń fa okùn lórí jìtá títí tí okùn fi dún bó ṣe fẹ́. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta á. Orin tó ta, kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lọ́dún yẹn. "Bọ̀sẹ̀dé, Dúró Dè Mí" ni. Rédíò ń gbé e láàárọ̀, àwọn tó ń ta àwo orin ń gbé e lọ́sàn-án, àwọn tó ń bọ̀ láti ibi ẹ̀rọ omi ń kọ ọ́ bọ̀ pẹ̀lú garawa lórí:

Bọ̀sẹ̀dé, dúró dè mí,
Ọ̀nà jìn, ẹsẹ̀ ń ro mí,
Bí mo bá dé ẹnu ọ̀nà yín,
Ẹ má tilẹ̀kùn mọ́ mi.

Orin ìfẹ́ ni, orin pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Raliat ti gbọ́ ọ títí ó ti há a sórí, ṣùgbọ́n inú àpótí rédíò ló ti máa ń gbọ́ ọ. Kò rí i rí kó máa jáde lára ìka èèyàn. Àtàǹpàkò Àkànó ń lu okùn ńlá, díǹ, díǹ, díǹ, bí ẹni tó ń rìn lọ. Ìka tó tẹ̀ lé e ń já okùn tín-ín-rín, bí ẹni tó ń dá sọ̀rọ̀ bó ṣe ń rìn. Èèyàn kan, ọwọ́ kan, nǹkan méjì! Aṣọ tí Raliat ń fọ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sínú ọpọ́n. Kò mọ ìgbà tó dé iwájú ọkùnrin náà, ọṣẹ ṣì ń kán sílẹ̀ ní ìgúnpá rẹ̀.

"Bàbá Kékeré, ẹ kọ́ mi."

"Kí n kọ́ ọ ní kí ni?"

"Èyí tẹ́ ẹ ń ta yìí."

Àkànó rẹ́rìn-ín. "Ìwọ Raliat! Obìnrin wo lo rí tó ń ta jìtá l'Óṣogbo yìí?"

"Tẹ́ ẹ bá kọ́ mi, ẹ ó rí ọ̀kan."

Láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná ni Àpìkẹ́ ti dá sí i. "Kọ́ ọ, Àkànó. Láti ọjọ́ tó o ti dé, adìẹ mi lò ń jókòó wò. Ó ku díẹ̀ kó o máa bá wọn yé ẹyin."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, àfi ìyá fúnra rẹ̀. Ó na ìka sí Raliat. "Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o. Ọwọ́ ọ̀tún! Ọjọ́ tí mo bá rí ọwọ́ òsì tó ń ta okùn yẹn, wàláhì, mo máa fi igi ẹ̀ se ẹ̀wà."

"Mo gbọ́, Ìyá," ni Raliat wí.

"Àkànó, ṣé ìwọ náà gbọ́?"

"Mo gbọ́, Ìyá," ni ọkùnrin tó lé ní ogójì ọdún náà wí.

Nígbà tí Raliat dé ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ yẹn, kò lè jókòó. Ó ń fi ìka lu orí maṣíìnì, ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n ń lé. Lucy gbọ́ orúkọ orin náà, ó fò sókè, abẹ́rẹ́ ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Láńrewájú, tíṣà kan ní Ìmẹ̀sí-Ilé, ló fẹ́ fẹ́ Lucy, orin yẹn gan-an ló sì máa ń fi ẹnu súfèé rẹ̀ lójúde kó tó wọlé wá kí i.

"Ó ti parí!" Lucy yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu. "Ìwọ lo máa ta á fún wa lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Oṣù Kejìlá, n'Iléṣà."

"Mo gbà!"

Bí Raliat ṣe ṣèlérí nìyẹn, kí ìka rẹ̀ tó kan okùn kan ṣoṣo.

Oṣù mẹ́fà ló fi rí i pé ìlérí yá ju iṣẹ́ lọ. Kì í ṣe pé kò gbìyànjú. Gbogbo ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn ìrun alásárì, ni òun àti Àkànó ń jókòó sórí àpótí ní ẹ̀yìnkùlé. Orin náà ò ní ju kọ́ọ̀dù mẹ́ta lọ, ìyẹn ọ̀nà mẹ́ta tí ìka ń gbà tẹ okùn pọ̀, ọwọ́ òsì rẹ̀ tó ń tẹ okùn lọ́rùn jìtá sì mọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Orí ìka bó, ó tún le, kò fiyè sí i. Ọwọ́ ọ̀tún ni ìyọnu. Àtàǹpàkò rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, díǹ, díǹ, ṣùgbọ́n bí ìka kejì bá ti fẹ́ sọ̀rọ̀, àtàǹpàkò á dúró láti gbọ́ ohun tó fẹ́ sọ. Bí àtàǹpàkò bá sì ń rìn, ìka kejì á kàn máa tẹ̀ lé e bí ọmọ ewúrẹ́. Wọn ò gbà láti pínyà.

"Lẹ́ẹ̀kan sí i," ni Àkànó á wí.

Díǹ, díǹ. Yóò dúró.

"Lẹ́ẹ̀kan sí i."

Nígbà tó di oṣù Keje, Àkànó ò wí lẹ́ẹ̀kan sí i mọ́. Á kàn máa wo adìẹ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó gba jìtá náà lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú pẹ̀lẹ́, ó ní, "Raliat, àwọn kan wà tí wọ́n fẹ́ràn orin, tí orin ò fẹ́ràn wọn. Sọ fún ọ̀rẹ́ ẹ kó wá ẹlòmíì." Raliat ò sunkún. Ó gba jìtá náà padà. Lọ́jọ́ kejì ó gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó sọ nílé pé ibẹ̀ ni òun ó ti máa kọ́ ọ báyìí, pé ariwo òun ti ń sú àwọn ará ilé.

Ọ̀sán òjò kan nínú oṣù Kẹjọ ni ọ̀rọ̀ náà yí padà. Òjò ń rọ̀ lórí páànù débi pé kò sí oníbàárà kankan lójú títì Alẹ́kùwodò. Raliat ń já okùn, ó ń pòṣé. Lucy ń ṣẹ́ etí síkẹ́ẹ̀tì kan, kò gbójú sókè.

"Raliat, mo fẹ́ bi ọ́ ní nǹkan kan. Má bínú o."

"Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó, mo ṣì ń kọ́ ọ."

"Ta ló ń gé aṣọ nínú ṣọ́ọ̀bù yìí?"

"Èmi ni."

"Ọwọ́ wo?"

Raliat yára wo ẹnu ọ̀nà.

"Ìyá ò sí ńbí," ni Lucy wí. "Ọwọ́ wo?"

"Ṣebí o mọ̀ ọ́n."

"Ó dáa. Ọwọ́ kan wà lára ẹ tó lè la aṣọ láti òkè dé ilẹ̀ láì fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i. Èkejì ò lè fa ìlà gígùn. Kí ló dé tó fi jẹ́ pé òpè inú wọn lo gbé iṣẹ́ ńlá fún?"

Raliat wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ó wo jìtá. Ọ̀rọ̀ náà rọrùn débi pé ojú tì í. Láti oṣù Kejì, kò wá sọ́kàn rẹ̀ rí, kò sì wá sọ́kàn Àkànó, nítorí nínú ilé tí wọ́n ti tọ́ wọn, ọwọ́ òsì kì í ṣe ohun tí èèyàn ń mú wá sọ́kàn. Ó dìde, ó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó yí jìtá náà padà kí ọrùn rẹ̀ kọjú sí apá ọ̀tún. Okùn dorí kodò: tín-ín-rín wà lókè, ńlá wà nísàlẹ̀. Kò bìkítà. Ó gbé ọwọ́ òsì lé e.

Àtàǹpàkò rìn. Ìka kejì sọ̀rọ̀. Àtàǹpàkò ò dúró.

Raliat kígbe. Lucy kígbe. Ẹnì kan tó sá òjò sábẹ́ páànù wọn lóde gbá ilẹ̀kùn pé kí ló ṣẹlẹ̀, ṣé ejò ni. "Kì í ṣe ejò!" ni Lucy fi dáhùn. "Ọwọ́ ni!" Àwọn méjèèjì wá bú sẹ́rìn-ín, wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ara wọn mú.

Ó ku ti Àkànó. Okùn gbọ́dọ̀ padà sí ìtò rẹ̀, èyí tó wà lókè kó lọ sísàlẹ̀, òun nìkan ló sì mọ̀ ọ́n ṣe. Nígbà tó dé ṣọ́ọ̀bù tó gbọ́ ohun tí wọ́n fẹ́, ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Ìyá á pa mí."

"Bàbá Kékeré," ni Lucy wí, "ọmọ ọdún mélòó lẹ̀yin?"

"Bó ti wù kí n dàgbà tó, ìyá mi ṣì dàgbà jù mí lọ."

Ṣùgbọ́n Raliat ti bẹ̀rẹ̀ sí í ta á. Ó ṣì ń kọsẹ̀, okùn ṣì dorí kodò, síbẹ̀ orin náà ti wà níbẹ̀, ó ń rìn, ó ń sọ̀rọ̀. Àkànó mú ọwọ́ kúrò lẹ́nu. Ó gbọ́ ọ dé ìlà kẹrin. Lẹ́yìn náà ó jókòó sílẹ̀, ó tú okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Egungun pẹlẹbẹ kan wà lọ́rùn jìtá níbi tí okùn ń gbà kọjá, ojú ọ̀nà okùn ńlá tóbi, ti okùn tín-ín-rín kéré. Ó fi ayùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan fẹ ojú àwọn tó kéré lójú, ó fi páálí pélébé dí èyí tó tóbi jù. Gbogbo ọ̀sán ló fi ṣe é. Nígbà tó ṣe tán, ó gbé e fún Raliat, ó ní, "Jìtá yìí ò gbọdọ̀ délé mọ́. Tí Ìyá bá rí bí okùn yìí ṣe wà, ẹ̀wà ti jinná nìyẹn."

Láti ọjọ́ yẹn ni ayọ̀ Raliat ò mọ níwọ̀n. Ọwọ́ ọ̀tún ni yóò máa tẹ kọ́ọ̀dù báyìí, Raliat sì rò pé yóò tún gba oṣù mẹ́fà, ṣùgbọ́n ọwọ́ tí wọ́n ti kọ́ ní ìgbọràn láti kékeré ni ọwọ́ ọ̀tún: ibi tí wọ́n bá fi í sí náà ló ń dúró sí. Nínú oṣù Kẹsàn-án ó ta ẹsẹ orin kìíní láì kọsẹ̀. Nínú oṣù Kẹwàá ó ta á pẹ̀lú ohùn. Àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í wá gbé aṣọ wọn nígbà tí wọ́n mọ̀ pé yóò máa ta jìtá, wọ́n á sì gbàgbé aṣọ náà sílẹ̀. Obìnrin kan tó ń ta àwo àti ìkòkò lódìkejì títì máa ń ké sí i pé, "Bọ̀sẹ̀dé! O ò tíì dúró dè é dòní?" Tí Raliat bá ń rìn lọ sílé, ìka rẹ̀ á máa ta jìtá lára ìró rẹ̀. Nílé, yóò fi ọ̀tún gba àwo, yóò fi ọ̀tún gbé omi fún Àpìkẹ́, inú rẹ̀ á sì máa dùn tìbẹ̀rùtìbẹ̀rù, bí ẹni tó gbé ọmọ ẹyẹ pamọ́ sáyà.

Ohun kan ló fi ọkàn rẹ̀ balẹ̀: Àpìkẹ́ ò ní lọ sí Iléṣà. Orúnkún ń dùn ún. Ó ti sọ ọ́ tipẹ́.

Ọjọ́ Sátidé ìgbéyàwó dé, ọyẹ́ ń fẹ́. Bọ́ọ̀sì kékeré tó fẹ́ kó àwọn ará Òṣogbo lọ dúró lẹ́nu agbo ilé. Raliat ti ṣọ́ọ̀bù gbé jìtá tí a ti wé sínú aṣọ ìbora dé, ó fẹ́ wọ ọkọ̀, ó rí gèlè kan ní ìjókòó iwájú.

"Ìyá! Orúnkún yín ńkọ́?"

"Ó wà níbi tó wà." Àpìkẹ́ tún gèlè rẹ̀ ṣe. "Lucy ló wá bẹ̀ mí fúnra ẹ̀. Mo ní kí n wá gbọ́ orin tí ẹ fi ń dí mi lọ́wọ́ láti oṣù Kejì. Wọlé, ọyẹ́ ń fẹ́ sí mi lára."

Lẹ́yìn bọ́ọ̀sì, Àkànó fẹ́rẹ̀ẹ́ wọnú etí Raliat tán. "Jẹ́ ká sọ pé okùn já."

"Okùn ò já, Bàbá Kékeré."

"Mo lè já a."

Raliat fa jìtá náà mọ́ra. Ó ń wo ẹ̀yìn gèlè náà títí wọ́n fi kọjá Ìbòkun. Tó bá ta á, ó mọ̀ pé jìtá lọ nìyẹn. Àpìkẹ́ kì í fi ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ṣeré. Tí kò bá ta á, Lucy tó la ojú rẹ̀ ló fẹ́ dójú tì lọ́jọ́ ayọ̀ rẹ̀. Kò sì sí ọ̀nà kẹta, nítorí bí okùn ṣe wà yìí, ọwọ́ ọ̀tún ò lè ta ohunkóhun lórí rẹ̀.

Wọ́n so Lucy àti Láńrewájú pọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì, gbogbo èèyàn sì rọ́ lọ sí gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ kan nítòsí. Àwọn àgbà ìdílé ọkọ jókòó síwájú. Olórí wọn ni Bàbá Ọdúntán, ẹ̀gbọ́n bàbá Láńrewájú, àgbẹ̀ arúgbó kan láti Ìmẹ̀sí-Ilé, ọ̀pá rẹ̀ wà láàárín orúnkún rẹ̀ méjèèjì. Àpìkẹ́ jókòó sí ìlà kẹta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá ìyàwó. Wọ́n jẹ, wọ́n mu, wọ́n dúpẹ́. Ẹni tó ń darí ètò wá pariwo pé, "Ọ̀rẹ́ ìyàwó, Mísì Raliat láti Òṣogbo, ní orin kan fún wa!"

Raliat jókòó sórí àga. Ó tú aṣọ ìbora. Ó wo Lucy nínú aṣọ funfun. Lucy mi orí sí i lẹ́ẹ̀kan. Raliat gbé ọwọ́ òsì lé okùn.

Bí orin náà ṣe bẹ̀rẹ̀ báyìí, gbọ̀ngàn mí kanlẹ̀. Láńrewájú da orí sẹ́yìn, ó ń rẹ́rìn-ín. Àwọn ọ̀dọ́ tó wà lẹ́yìn gbé e: Bọ̀sẹ̀dé, dúró dè mí. Raliat gbàgbé ẹ̀rù. Àtàǹpàkò rẹ̀ ń lọ, ìka rẹ̀ ń kọrin, ó dé òpin ẹsẹ kìíní, ó fẹ́ yí sí èkejì...

Ọ̀pá lu ilẹ̀, gbà, gbà.

"Ẹ dá a dúró!" Bàbá Ọdúntán ni. Gbogbo ilé pa rọ́rọ́. "Ọwọ́ wo nìyẹn?"

Ó na ọ̀pá sí Raliat.

"Ọjọ́ ayọ̀ ọmọ wa, níwájú àgbà, ọwọ́ òsì ni wọ́n fi ń kí wa láti Òṣogbo? Ọmọ ulé ta nìyí? Ta ló tọ́ ọ?"

Ọwọ́ òsì Raliat ti sá sábẹ́ ìró kó tó mọ̀. Kò lè gbójú sókè. Ó gbọ́ tí àga kan há ilẹ̀, ó gbọ́ ẹsẹ̀ kan tó ń wọ́ díẹ̀, tó ń bọ̀ láàárín èrò, ó sì mọ ẹsẹ̀ náà.

"Èmi ni mo tọ́ ọ, bàbá." Àpìkẹ́ fi ọwọ́ kan ilẹ̀ pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn ún. "Ẹ má bínú. Ẹ̀bi wa ni, a ò tọrọ gáfárà ká tó bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ yìí, ọ̀tún ló fi ń jẹun. Ọ̀tún ló fi ń gbé omi fún èèyàn. Mo gbá ọwọ́ òsì yẹn títí ọwọ́ tèmi gan-an fi ń ro mí."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Bàbá Ọdúntán ò rẹ́rìn-ín.

"Bó o ṣe gbá a tó, kí ló wá ń ṣe lórí okùn?"

"Èmi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i ni, bíi tiyín." Àpìkẹ́ wẹ̀yìn wo Raliat, ojú náà kò ṣeé kà. Ó tún yíjú sí arúgbó náà. "Ṣùgbọ́n ìkíni kọ́ lèyí tó ń ṣe, bàbá. Iṣẹ́ ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ àgbẹ̀, tẹ́ ẹ bá ń kọ ebè, ọwọ́ wo ló ń ṣáájú lára ọkọ́?"

Bàbá Ọdúntán dìde dúró. Ó gbé ọ̀pá rẹ̀ sókè, ó dì í mú bí ẹni tó di ọkọ́ mú, ó kọ ebè kan nínú afẹ́fẹ́. Ó dúró. Ó wo ọwọ́ rẹ̀. Ó tún kọ ebè kejì. Ọwọ́ òsì rẹ̀ ló wà níwájú. Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín, àwọn àgbà tó jókòó tì í ló tilẹ̀ kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ dákẹ́ ẹ̀rín yẹn!" Ṣùgbọ́n ẹnu tiẹ̀ náà ti ń fẹ̀. "Ó yé mi, ìyá. Iṣẹ́ niṣẹ́. Síbẹ̀, kó kọ́kọ́ kí wa."

"O gbọ́ wọn," ni Àpìkẹ́ wí. "Raliat, fi ọ̀tún kí wọn, kó o tó máa bá iṣẹ́ ẹ lọ."

Raliat kúnlẹ̀ pẹ̀lú jìtá láyà. Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún sọdá, ó fi fa okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lẹ́ẹ̀kan náà. Ohùn tó jáde dà bíi garawa tó já lórí òkúta.

Bàbá Ọdúntán fa ojú ro. "Ó burú," ló wí, "ṣùgbọ́n a ti gbà á. Dìde. Fi èyí tó mọ̀ ọ́n ta á fún wa."

Ìgbà yẹn ni Raliat tó mọ ohun tó ń jẹ́ kéèyàn ta jìtá. Kò tún ní nǹkan kan tó ń fi pamọ́. Orin náà jáde, ó tóbi, ó gba gbogbo ilé kan. Ní ẹsẹ kejì ó gbàgbé kọ́ọ̀dù kan pátápátá, ọwọ́ rẹ̀ dúró gbagidi, ṣùgbọ́n èrò ti ń kọrin lọ, wọ́n gbé e kọjá ibẹ̀, ó bá wọn níwájú. Láńrewájú fa Lucy dìde. Àkànó, tó ti sá pamọ́ sẹ́yìn òpó láti ìgbà tí ọ̀pá ti lu ilẹ̀, jáde wá, ó ń pàtẹ́wọ́ bí ọmọdé. Nígbà tó parí, Bàbá Ọdúntán tún fi ọ̀pá lu ilẹ̀.

"Tún un ta," ni arúgbó náà wí. "Ẹ sọ̀rọ̀ jù nígbà àkọ́kọ́, n ò gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ dáadáa."

Nínú bọ́ọ̀sì tó ń padà bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, Àpìkẹ́ tún wà ní ìjókòó iwájú. Igi kòkó ń kọjá lọ lójú fèrèsé. Raliat gbé jìtá lé itan, ó ń dúró de ìdájọ́ rẹ̀.

"Láti ìgbà wo?" ni ìyá bèèrè níkẹyìn, láì wẹ̀yìn.

"Oṣù Kẹjọ, Ìyá."

"Ta ló pa okùn ẹ̀ dà?"

Àkànó ń wo igi kòkó bí ẹni tó fẹ́ rà á.

"Àkànó!"

"Èmi ni, Ìyá."

"Ìwọ tó ò ráyè kan ilẹ̀kùn ilé adìẹ mi tó bàjẹ́ láti ọjọ́ yìí, o ráyè pa okùn dà!" Bọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. Ìyá dúró kí ẹ̀rín náà tán. "Raliat."

"Mà."

"Jìtá yẹn ò gbọdọ̀ sùn ní ṣọ́ọ̀bù mọ́. Olè pọ̀ ní Alẹ́kùwodò. Ilé ni kó máa wà, nínú yàrá mi."

Raliat gbé ojú sí aṣọ ìbora tó wé jìtá náà, ó rẹ́rìn-ín síbẹ̀ títí wọ́n fi wọ Òṣogbo.

Lọ́jọ́ Ajé, Raliat nìkan ló ṣí ṣọ́ọ̀bù. Lucy ti lọ sí Ìmẹ̀sí-Ilé pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, maṣíìnì rẹ̀ wà ní igun, wọ́n fi aṣọ bò ó. Aṣọ ilé ìwé méjìlá ló wà lórí tábìlì, àwọn tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ kí ìgbéyàwó tó dé, àwọn òbí yóò sì wá kó wọn lọ́jọ́ kejì. Lucy ló máa ń kan bọ́tìnnì. Raliat jókòó, ó kan bọ́tìnnì mẹ́ta-mẹ́ta sára aṣọ méjèèjìlá, ó ń fi eyín gé òwú. Ó ṣẹ́ etí mẹ́rin tó kù. Ó kó èédú tó pọ́n sínú áyọ́ọ̀nù, ó fẹ́ eérú rẹ̀ dànù lójú ọ̀nà, ó ta omi sórí aṣọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan: kọ́là kọ́kọ́, lẹ́yìn náà apá, lẹ́yìn náà ìṣẹ́po síkẹ́ẹ̀tì. Obìnrin tó ń ta àwo ké sí i láti òdìkejì, ó dá a lóhùn láì dúró. Nígbà tí oòrùn fi máa kúrò lẹ́nu ọ̀nà, èédú ti ń kú. Ó lọ kọ́là aṣọ ìkejìlá tán, ó ká a, ó tẹ́ ẹ lé orí àwọn yòókù, ó sì fi ọwọ́ tẹ orí wọn kó lè dọ́gba.